Èsì: Ìgbẹ́ gbuuru ti lọ, kí ló wá kan orúnkún?

Ẹ kú ìnira o. Ẹ ní ìgbẹ́ gbuuru ti dá láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ló wá kan orúnkún tó wú àti gìgísẹ̀ tó ń dùn yín? Ó kàn án dáadáa. Ó jọ àrùn oríkèé tí wọ́n ń pè ní reactive arthritis. Ó sábà máa ń yọjú ní ọ̀sẹ̀ 1 sí 4 lẹ́yìn tí kòkòrò bíi Salmonella, Shigella tàbí Campylobacter bá da inú rú, tàbí tí Chlamydia, kòkòrò tí ìbálòpọ̀ ń kó ranni, bá wọ ojú ara.

Bí wọ́n bá fa omi inú orúnkún náà lọ sí láábù, kòkòrò kì í hù níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara tó lé kòkòrò lọ ni wọn ò tíì sinmi. Àjákù rẹ̀ tó bá ẹ̀jẹ̀ dé oríkèé ni wọ́n ṣì ń bá jà. Ti Chlamydia tilẹ̀ burú jù: ó lè lúgọ sínú awọ oríkèé láàyè, kó má pọ̀ sí i, kó má sì kú.

Nítorí náà, ẹ má sáré ra oògùn apakòkòrò. Bó bá jẹ́ pé inú ló ti bẹ̀rẹ̀, oògùn náà kì í sábà ran oríkèé lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ Chlamydia, ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ jọ ń sùn ni ẹ ó jọ lò ó. Ṣé ojú yín ń pọ́n? Ṣé ìtọ̀ ń ta yín? Ẹ sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n bí ibà bá wà, tí ẹ ò sì lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí, kòkòrò lè ti wọ inú oríkèé gan-an.