Abẹ́rẹ́ ran ajá mi lọ́wọ́, àgúnmu fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ológbò mi

Ẹ kú ìtọ́jú ajá àti ológbò yín. Ẹ ní ológbò yín ti dàgbà, kíndìnrín ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ sì ń rò ó bóyá kẹ́ ẹ dá oògùn dókítà dúró, kẹ́ ẹ máa fún un ní egbòogi Ṣáínà tẹ́ ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún béèrè bóyá abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, èyí tí wọ́n ń gún sára láìsí oògùn nínú rẹ̀, lè ran ajá yín tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún ológbò yẹn ní nǹkan kan. Ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ti ajá mi ló dáa, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Dachshund ni, ajá tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Kerekere àárín egungun ẹ̀yìn wọn máa ń tètè yẹ̀. Ó jí lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè tẹ̀ ẹ́ dọ́gba mọ́. Dókítà ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀, ó fún un ní oògùn ìrora, ó ní kó wà nínú àgò fún ọ̀sẹ̀ 6, kó má fò rárá. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó sọ pé òun kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, ṣé ká fi kún un.

Mo rò pé ajá náà á bù ú jẹ ni. Kò bù ú jẹ. Dókítà kọ́kọ́ wo àwọ̀ ahọ́n rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ iṣan inú itan rẹ̀ méjèèjì kó lè mọ bó ṣe ń lù, ó sì fìka to ẹ̀yìn rẹ̀ látòkè délẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín bí irun ló wá gún un: ọ̀kan ní Bai Hui, níbi tí egungun ìbàdí ti pàdé ti ìdí, òmíràn ní Zu San Li, lábẹ́ orúnkún. Ó so wáyà mọ́ díẹ̀ nínú wọn, iná tí kò le rárá ń gba ibẹ̀ kọjá. Kó tó tó ìṣẹ́jú 20, ajá mi ti gbé àgbọ̀n lé mi nítan, ó ti sùn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la ń lọ. Nígbà kẹrin, ó ti ń tẹ ẹsẹ̀ dáadáa. Mi ò ní búra pé abẹ́rẹ́ nìkan ló ṣe é, torí ìsinmi inú àgò ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Tí ẹsẹ̀ ajá yín bá kú pátápátá tàbí tí kò lè tọ̀, ẹ má wá abẹ́rẹ́ lọ o. Iṣẹ́ abẹ lè jẹ́ ọ̀ràn wákàtí díẹ̀ péré nígbà yẹn.

Ayọ̀ yẹn ló tì mí sínú àṣìṣe. Mo ní bí abẹ́rẹ́ wọn bá ṣiṣẹ́ báyìí, egbòogi wọn náà á ṣiṣẹ́. Ológbò mi ń wúkọ́, kì í sùn lóru. Mo ra àgúnmu kan tí wọ́n ní ó wà fún ikọ́ àti àìrorunsùn, mo bù ú sínú oúnjẹ rẹ̀, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ń bì, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó lọ ká jọ sẹ́yìn àpótí. Dókítà ní kí n mú ike àgúnmu náà wá. Bai he wà nínú rẹ̀. Òdòdó lílì ni, ìdí rẹ̀ tó máa ń ta bí àlùbọ́sà nínú ilẹ̀. Èèyàn ń jẹ ẹ́, kò ṣe é ní nǹkan. Ní ti ológbò, kò síbi tí kò lóró lára lílì, títí kan omi ìkòkò tí wọ́n ki òdòdó náà bọ̀, kíndìnrín ló sì máa ń bà jẹ́ láàárín ọjọ́ 1 sí 3. Wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ 3 gbáko. Ó yè é, àmọ́ kíndìnrín rẹ̀ ò padà sí bó ṣe wà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bu nǹkan yẹn fún un, ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀dọ̀ ológbò ò lágbára láti tú ọ̀pọ̀ oògùn palẹ̀ bíi ti èèyàn. Paracetamol ẹyọ kan péré lè pa á. Àwọn àgbà Ṣáínà tó kọ ìmọ̀ yìí sílẹ̀ pàápàá, ẹran ńlá ni wọ́n ń wò: nígbà tí Yu Benyuan àti Yu Benheng, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tẹ ìwé tiwọn jáde ní 1608, ìwòsàn ẹṣin ló gbawájú níbẹ̀. Orúkọ egbòogi tún máa ń jọra. Ní Belgium, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n fi egbòogi kan tó ń jẹ́ guang fang ji sínú oògùn tó ń dín sísanra kù, dípò òmíràn tó ń jẹ́ han fang ji, kíndìnrín àwọn obìnrin tó lé ní 100 sì bà jẹ́.

Nítorí náà, oògùn àti oúnjẹ kíndìnrín tí dókítà kọ, ẹ má dá a dúró. Ẹ wá dókítà ẹranko gidi tó tún kọ́ iṣẹ́ Ṣáínà. International Veterinary Acupuncture Society, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko tó ń lo abẹ́rẹ́ yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1974, ń kọ́ irú wọn. Ẹ jẹ́ kó rí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ológbò yín kó tó sọ ohunkóhun. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa oògùn tì, tàbí tí kò lè ka ohun tó wà nínú àgúnmu rẹ̀ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Èyí tẹ́ ẹ ti rà yẹn, ẹ wò ó bóyá Bai he wà lára rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ológbò yín ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá bì. Ẹ gbé e lọ báyìí, kẹ́ ẹ mú ike náà dání.