Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ti mú òfin ẹ̀ṣẹ́ àtijọ́, tí kò sí ìbọ̀wọ́, padà wá?

Díẹ̀ ni BKFC (Bare Knuckle Fighting Championship), àwọn tó ń ṣètò ìjà ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ lásán, mú padà. Ìbọ̀wọ́ ni wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọn ò jí òfin àtijọ́ dìde.

Lábẹ́ òfin tí wọ́n gbé jáde ní London ní 1838, ráùndì ò ní iye ìṣẹ́jú. Àfi kí ẹnì kan ṣubú kó tó parí. Wọ́n á sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú àáyá 8 péré ni wọ́n ní láti fẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ìlà tó wà láàárín pápá. Ẹni tí kò bá débẹ̀ ti fìdí rẹmi. Wọ́n sì lè gbé ara wọn ṣánlẹ̀ bíi ti ìjàkadì! Abájọ tí ìjà àwọn afẹ̀ṣẹ́jà méjì kan, Sullivan àti Kilrain, ní Mississippi, Amẹ́ríkà, July 1889, fi gba ráùndì 75, tó lé ní wákàtí méjì.

Òfin Queensberry ti 1867 ló mú ìbọ̀wọ́ àti ráùndì oníṣẹ́jú mẹ́ta wá, òun náà ni Anthony Joshua àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé.

Àwọn BKFC tó bẹ̀rẹ̀ ní Wyoming, Amẹ́ríkà, ní June 2018 ń ja ọwọ́ lásán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ráùndì márùn-ún oníṣẹ́jú méjì-méjì ni tiwọn sábà máa ń jẹ́, kò sì sí gbígbé ṣánlẹ̀. Ìlà àárín yẹn nìkan ni wọ́n yá lò: ojú rẹ̀ làwọn méjèèjì máa ń dúró sí kí rẹfirí tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀ṣọ́ lásán ni.