Kí ẹ tó lọ bá àwọn ọmọ ilé ìtọ́jú ṣọdún

Ẹ kú èrò rere. Ẹ ní ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yaba fẹ́ lọ bá àwọn ọmọ ilé ìtọ́jú, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ ẹbí wọn, ṣe Kérésì, ẹ ti dá owó jọ, ẹ wá ń béèrè ohun tí ẹ máa rà, àti bóyá ọjọ́ Kérésì gan-an ló yẹ kí ẹ lọ. Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣe irú ẹ̀ ní apá Surulere àti Mushin, láti ìgbà tí mo ṣì ń pọn àkọ́bí mi lọ síbẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Kí ẹni méjì nínú yín kọ́kọ́ lọ rí màtírọ̀nù, ìyẹn obìnrin tó ń bójú tó ilé náà, nínú oṣù Kọkànlá, lọ́jọ́ iṣẹ́, kí wọ́n mú bírò àti ìwé dání. Tí ojú bá ń tì yín láti lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ ra búrẹ́dì lọ́nà. Kí wọ́n bi í pé ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n, kí ló tán nílé, kí ló pọ̀ jù, ta ló sì tún ti gba ọjọ́ náà. Kí wọ́n ní kó fi ìwé àṣẹ ilé náà hàn wọ́n, èyí tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti ìdàgbàsókè àwùjọ ní Alausa ń fún wọn. Ilé tó wà létòlétò kì í bínú sí ìbéèrè yẹn. Ibi tí wọ́n bá ti ń yíjú, tí wọ́n ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnì kan dípò ti ilé náà, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Ní ti ọjọ́, oṣù Kejìlá kì í tíì dé ìdajì tí èrò ti máa ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ìjọ ń bọ̀, báǹkì ń bọ̀, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ń bọ̀, ẹni tó ń ṣe ọjọ́ìbí náà ń gbé kéèkì bọ̀. Mo ti rí ọjọ́ Kérésì kan tí ẹgbẹ́ mẹ́ta gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wọlé kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Àwọn ọmọ jẹ ti àkọ́kọ́, wọ́n tọ́ èkejì wò, wọ́n mú ẹran inú ẹ̀kẹta. Iná ò sí, fírísà ò ṣiṣẹ́, nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ìrẹsì ti kan. Oṣù Kíní kò tíì tán tí mo yà níbẹ̀, gàrí ni wọ́n ń mu, kò sì sí ṣúgà.

Síbẹ̀ mi ò ní kí ẹ má lọ ní Kérésì. Àwọn ọmọ yẹn mọ̀ pé ọdún ti dé, wọ́n ń gbọ́ báńgà, wọ́n ń gbọ́ orin láti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n tí màtírọ̀nù bá sọ pé ọjọ́ 25 ti kún, ẹ gba 26, tàbí ọjọ́ kejì oṣù Kíní. Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ìyẹn 27 oṣù Karùn-ún, náà máa ń kún bákan náà. Iléyá ni mo rí i pé èrò kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, tí wọ́n ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Ẹ kàn máa ṣọ́ òṣùpá, torí lọ́dọọdún, Iléyá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ẹ má sì mú àgbò wá láàyè o. Tó bá sun ibẹ̀ mọ́jú, wọ́n á ti sọ ọ́ lórúkọ, ta ló wá máa jẹ ẹran náà?

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ gbogbo èyí nìyí. Ẹ rántí bí ọdún ṣe ń rí nílé yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Ìyá yín á bu ìrẹsì sínú abọ́, á fi ọbẹ̀ àti ẹran lé e, á da àwo bò ó, á ní, "Gbé eléyìí fún Màmá Risi, gbé tibí fún Alájà òkè, má jẹ̀ẹ́ kó dànù o." Ẹ̀yin lẹ ń gbé abọ́ kiri. Wọ́n á súre fún yín, wọ́n á fún yín lówó ọdún, ẹ ó sì mọ̀ pé ilé yín wà lára àwọn ilé tó ń ṣọdún ládùúgbò. Ọmọ tó wà nílé ìtọ́jú kì í gbé abọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó máa ń tò sórí ìlà, á kọrin káàbọ̀, á gba báàgì, á ní ẹ ṣé, ẹgbẹ́ mìíràn á tún wọlé, á tún tò. Bó ṣe ń rí fún un nìyẹn lọ́dọọdún.

Nígbà tí a kọ́kọ́ sọ fún màtírọ̀nù ilé kan pé ká jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé oúnjẹ fún ará àdúgbò, ó kọ̀. Ó ní àwọn èèyàn á sọ pé òun rán wọn jáde lọ tọrọ, àti pé tí ọ̀kan bá sọnù, ta ló máa dáhùn. Ọ̀rọ̀ gidi ni, a ò bá a jiyàn. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló mú àbá wá: àwọn tó ti pé ọdún mẹ́sàn-án nìkan ló máa jáde, méjì-méjì, àǹtí tó ń tọ́jú wọn á tẹ̀ lé wọn, ilé tí òun bá sì mọ̀ lójú títì yẹn nìkan ni wọ́n máa yà.

Torí náà a kò gbé oúnjẹ sísè lọ. Ìrẹsì, tòmátò, ata rodo, òróró àti adìẹ la gbé lọ, ilé ìdáná wọn la ti sè é. (Ọ̀pọ̀ ilé ò tiẹ̀ gba oúnjẹ sísè láti ìta mọ́, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ìrẹsì tí ẹ sè láàárọ̀ kùtù ní Agege, tó wá há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Ojuelegba títí di ọ̀sán, ẹ̀yin náà kò ní fún ọmọ yín jẹ.) Àwọn ọmọ bó àlùbọ́sà, wọ́n ṣa ìrẹsì, wọ́n ń jà sí ẹni tó máa ro ìkòkò. Ó gbà wá lákòókò, ilé ìdáná dọ̀tí, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń wo aago. Nígbà tó jinná, àwọn ọmọ ló bu oúnjẹ sínú abọ́.

Fọganáísà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wọn, ó ti ń fátẹ́gùn sí táyà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìwọ inú ọgbà náà rí. Ọmọkùnrin méjì kúnlẹ̀ gbé abọ́ fún un. Ó ní, "Ta ló ní kí ẹ gbé e fún mi?" Àgbà nínú wọn ní, "Àwa la sè é, ẹ kú ọdún, sà." Ọkùnrin náà nu ọwọ́ lára ṣòkòtò rẹ̀, kò tètè sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó dá abọ́ padà, ọsàn ló kó sínú rẹ̀, torí abọ́ ọdún kì í padà lófìfo. Láti ìgbà yẹn, òun ló ń fátẹ́gùn sí bọ́ọ̀lù wọn, kì í gba kọ́bọ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ tó wà lódì kejì náà ti mọ orúkọ àwọn ọmọ yẹn báyìí. Tó bá rí wọn níbi tí kò yẹ kí wọ́n wà tí wọ́n bá ti iléèwé dé, á lé wọn wọlé. Kò sí báàgì ẹ̀bùn tí a pín rí tó ṣe ìdajì èyí.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló kàn. Àwọn kan á gbé ankara kan náà ránṣọ fún gbogbo ọmọ, wọ́n á ní aṣọ ẹbí ni. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù lọ síléèwé, tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tó jọ ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, kò wá ìbáramu mọ́. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé a ó gba ìwọ̀n wọn, a ó ra oríṣiríṣi aṣọ ní Tejuosho, èyí tó fi díẹ̀ pọ̀ ju iye ọmọ lọ, a ó fi okùn há a sínú ọgbà, oníkálukú á wá mú tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan mú gáwùn pupa, ó dá a padà, ó mú aláwọ̀ búlúù, ó tún lọ wo pupa yẹn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí a fi sọ pé kó má kánjú. Ẹ má kán wọn lójú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣa á bí ẹ̀yin náà ṣe ń ṣa tiyín lọ́jà. Tó bá jẹ́ pé ọmọkùnrin kan mú ṣẹ́ẹ̀tì tó bò ó mọ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ó máa dàgbà bá a.

Fóònù: ẹ gbé abọ́ ńlá kan sẹ́nu ọ̀nà, kí gbogbo yín kó fóònù sí i títí ẹ ó fi máa lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dun àwọn kan. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó náà ṣe tirẹ̀ ní 2007, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ pé kí a má tú àṣírí ayé rẹ̀ síta. Òfin nìkan kọ́ ló sì jẹ́ kí n máa sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ní òbí. Òmíràn sọnù ní Oshodi, àwọn wẹ́fíà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ń wá ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́. Òmíràn, inú ilé tí wọ́n ti ń fi áyọ́ọ̀nù jó o lára ni wọ́n ti gbà á, ẹni tó sì ń jó o yẹn ní Facebook bíi tiyín. Fọ́tò kan tó gbé géètì ilé tàbí báàjì iléèwé rẹ̀ ti fi ibi tó wà hàn. Tí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ bá ní òun gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí, ẹ ya àwọn àpò ìrẹsì, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ẹ má bi ọmọ kankan pé ìyá rẹ̀ dà. Ẹ sì bá ẹni tó máa gbàdúrà sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti jókòó síbi tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ti dìde, tó ń fi ohùn òkè bẹ Ọlọ́run fún "àwọn tí ayé ti kọ̀ sílẹ̀ wọ̀nyí." Àwọn ọmọ náà ń gbọ́ Yorùbá o. Àwọn àgbà inú wọn ń wo ilẹ̀, àwọn kéékèèké ń dáhùn pé àmín.

Eré ò ṣòro. Àwọn ọmọ á kọ́ yín ní tẹ́ń-tẹ̀ẹ̀n, wọ́n á sì nà yín níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n nà yín. Ẹ béèrè ọmọ tó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, kí ẹ má bàa fi eré omi tàbí eré sísá nínú oòrùn dá àìsàn sí i lára, pàápàá nígbà ọyẹ́. Báńgà, ẹ má mú un lọ. Àwọn ọmọ ọwọ́, tí màtírọ̀nù bá ní kí ẹ má gbé wọn, kì í ṣe ìkórìíra. Èèyàn ogún tó ń húkọ́ ló ti fẹ́ gbé wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Bí ọmọ kan bá sì wọ̀ yín lójú débi pé ẹ fẹ́ gbà á tọ́, ẹ má sọ ọ́ létí ọmọ náà. Iléeṣẹ́ ìjọba àti kóòtù ni irú ọ̀rọ̀ yẹn ń gbà kọjá, kò sí ilé kankan tó láṣẹ láti fa ọmọ lé yín lọ́wọ́ nídìí àríyá.

Ibi tó le jù ni ìgbà tí ẹ bá fẹ́ máa lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta á di ẹsẹ̀ yín mú, á ní, "Àǹtí, ṣé ẹ máa wá lọ́la?" Ẹ má sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí ẹkún lè dá. Àwọn àǹtí tó ń sùn tì wọ́n sọ fún mi pé alẹ́ ọjọ́ tí àlejò bá lọ ni àwọn kan máa ń tọ̀ sílé, tí àwọn mìíràn kò ní sùn. Ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú pé a máa tó lọ, kí ẹ dágbére fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má yọ́ lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa lè padà wá nìkan ni kí ẹ dá fún wọn. Tí kò bá sí, ẹ ní ẹ ò tíì mọ̀.

Ní ti ohun tí ẹ máa rà, indomie ti pọ̀ jù nílẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá yín lójú. Gáàsì, ẹ̀wà, epo pupa, páàdì fún àwọn ọmọbìnrin, pátá àti síńgílẹ́ẹ̀tì tuntun, ọṣẹ, aṣọ ìbora: àwọn wọ̀nyí ni kì í pẹ́ tán. Tó bá jẹ́ mílíìkì ọmọ ọwọ́, ẹ béèrè iye oṣù wọn kí ẹ tó rà, torí ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà yàtọ̀, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára agolo. Ẹ má ná owó tán lóṣù Kejìlá. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ padà lọ nígbà tí iléèwé bá wọlé ní oṣù Kíní. Nígbà yẹn, màtírọ̀nù á ti mọ ẹni tí sálúbàtà iléèwé rẹ̀ ti já àti ẹni tí ìwé rẹ̀ ti kún, kò sì ní sí ẹgbẹ́ mìíràn tí ẹ jọ máa du ọjọ́ mọ́ ara yín lọ́wọ́.