Bí ẹ ṣe lè mọ bí ara màmá tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ l'Óṣogbo ṣe rí gan-an

Ẹ kú aájò màmá o. Ẹ bèèrè láti Kánádà pé màmá yín tó ń gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, fún jẹjẹrẹ ọmú l'Óṣogbo máa ń sọ lórí fóònù pé ara ti ń le, síbẹ̀ láàbù ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ẹ kò sì mọ èyí tí ẹ ó gbà gbọ́. Èrò tèmi gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì ni pé kí ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ náà, kí ẹ sì máa wọn bí ayé ṣe rọrùn fún un lọ́tọ̀, nítorí ọ̀kan kò lè dípò èkejì.

Ti ẹ̀jẹ̀ kò le. PCV, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, ni láàbù ilé sábà máa ń kọ, nígbà tí dókítà lọ́dọ̀ yín ń ka hemoglobin, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, ní gíráàmù nínú lítà kan. Ẹ pín PCV sí mẹ́ta, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá: PCV 27 yóò súnmọ́ 90 lọ́dọ̀ yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí kò lóyún kò tó bí ó bá ti wà nísàlẹ̀ 120.

Ti ìgbé ayé ni iṣẹ́ wà. Ìwé ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù ni FACT-An, tí David Cella àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde l'Amẹ́ríkà ní 1997. Ìbéèrè 47 ló wà níbẹ̀: 27 dá lórí ara, ẹbí àti ọ̀rẹ́, ọkàn, àti iṣẹ́ òòjọ́, 20 tó kù dá lórí àìtó ẹ̀jẹ̀, àárẹ̀ sì ni 13 nínú wọn ń bèèrè. Ọjọ́ méje tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni wọ́n ń bèèrè, ìdáhùn sì bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 4. Wọ́n máa ń yí máàkì àwọn ìbéèrè tó jẹ mọ́ ìnira padà, kí máàkì tó ga lè túmọ̀ sí ìgbádùn. Bí máàkì àárẹ̀, tí òkè rẹ̀ jẹ́ 52, bá yí padà tó 3, ìyàtọ̀ tí aláìsàn ń mọ̀ lára nìyẹn.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé bí ẹ bá ní, "Ṣé ara le, màmá?", "A dúpẹ́" ni ẹ ó gbọ́, torí kò sí ìyá tó fẹ́ kí ọkàn ọmọ rẹ̀ dàrú lókèèrè. Ìyá kan tó ń tajà ní Ìgbọ̀nà dá wa lóhùn bẹ́ẹ̀ títí a fi bèèrè bóyá ó máa ń ṣòro fún un láti parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ló sọ pé òun máa ń já ewédú dé ìdajì, òun á sì gbé igbá tì láti lọ dùbúlẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí yóò máa bi í ní ìbéèrè má ṣe jẹ́ ọmọ tàbí ìyàwó ọmọ. Obìnrin kan tó mọ̀wé kà, tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ tàbí nínú àsàlátù, ló dára jù. Ẹ gba ìwé náà lọ́dọ̀ FACIT, ilé iṣẹ́ tó ni ín, bí obìnrin náà bá sì ṣe ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan nígbà àkọ́kọ́ ni kó máa kà á títí. Kí ó máa ṣe é lọ́jọ́ tó ṣáájú kímò, kí màmá tó gbọ́ èsì PCV, torí ẹni tó bá ti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ òun lọ sílẹ̀ a máa tètè sọ pé ó rẹ òun. Ìbéèrè kan wà nípa ìbálòpọ̀. Bí màmá bá fò ó, ẹ má fi dandan mú un, ìṣirò ìwé náà fàyè gbà á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra abẹ́rẹ́ erythropoietin, èyí tó ń mú kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀ sí i, ránṣẹ́ sílé. Inú òtútù tó wà láàárín 2°C sí 8°C ni ó gbọ́dọ̀ wà, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, èyí tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà, fi ìkìlọ̀ tó lágbára sí i lára ní 2007. Dókítà tó ń tọ́jú màmá ló lè sọ bóyá ó nílò rẹ̀ tàbí kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Bí èémí rẹ̀ kò bá délẹ̀ nígbà tó jókòó, tàbí tí àyà bá ń dùn ún, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má dúró de ìwé ìbéèrè kankan.

Kí dókítà tó lè bá yín sọ̀rọ̀, kí màmá fọwọ́ sí lẹ́tà pé òun gbà bẹ́ẹ̀, kí orúkọ yín àti nọ́ńbà káàdì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó ń bá a lọ sì fi lẹ́tà náà pẹ̀lú máàkì oṣù yẹn lé nọ́ọ̀sì kílíníìkì lọ́wọ́.