Ṣé Òkun Kì í Yó Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Tíṣà. Ẹja dídì ni mo ń tà ní ọjà Ìgbọ́nà, Òṣogbo. Ọmọ mi ka ìwé rẹ̀ sí mi létí pé òkun ń gbé lára èéfín jẹnẹrétọ̀ mì. Mo ní irọ́ ni. Níbo ni Òṣogbo, níbo ni òkun? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ṣé òkun kì í yó ni? — Ìyá Ẹlẹ́ja

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Ìyá Ẹlẹ́ja. Ọmọ yín ò purọ́. Gáàsì kan wà nínú èéfín yẹn tí ojú ò rí, kábọ́nù dáyọ́ksáìdì lorúkọ rẹ̀. Èyí tó jáde ní Ìgbọ́nà àti èyí tó jáde ní Ṣáínà, atẹ́gùn á pò wọ́n pọ̀ ni. Níbi tó bá ti fẹ́ kan ojú òkun, omi á fà á mu. Bí a bá pín gbogbo èyí tí àwa ènìyàn ń tú sáfẹ́fẹ́ lọ́dọọdún sí ọ̀nà mẹ́rin, òkun ń gba nǹkan bí ọ̀nà kan.

Gáàsì yìí náà ló ń hó nínú mínírà. Nígbà tí mò ń kọ́ni ní kẹ́mísírì, mo máa ń ra ìgò méjì lẹ́nu géètì: ọ̀kan láti inú yìnyín, èkejì láti inú kéréètì tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀. Èyí tó tutù á kàn ṣe "ṣíì", ó parí. Èyí tó gbóná á ru dé ara ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ tó bá jókòó níwájú. Omi tútù ló mọ gáàsì í dì mú.

Ẹja Títù (Titus) tí ẹ ń tà, inú òkun tútù níhà àríwá ni wọ́n ti ń kó o. Níbẹ̀, omi tó ti mu gáàsì á wúwo nítorí òtútù, á rì, á gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ó sì lè pé ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kó tó padà sókè. Àwọn ewéko tíntìntín ojú òkun náà ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá kú, díẹ̀ lára òkú wọn á rì lọ sísàlẹ̀ tòun ti ohun tí wọ́n jẹ. Kábọ́nù tó wà nínú òkun tó ìlọ́po 50 èyí tó wà lófuurufú.

Ìbéèrè yín kejì ló ń dùn mí lọ́kàn. Òkun yìí kan náà ló gba ohun tó lé ní ìdá 90 nínú 100 ooru tí àwa ènìyàn fi kún ayé. Bó ṣe ń gbóná, ó ń jọ ìgò inú oòrùn yẹn. Kò ní yó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n agbára àtigbà ń dín kù.

Èyí tó gbé mì pàápàá ń yí i padà. Gáàsì náà ń di àsíìdì nínú omi, àsíìdì ojú òkun sì ti fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 lé sí i láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń jó èédú. Kò dà bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ o, kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn, àmọ́ ó ti tó láti ni àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń kọ́ ìkarahun lára, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lára oúnjẹ ẹja.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi èèpo ẹyin, tó jọ ìkarahun yẹn, sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ lálẹ́ òní. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò máa hó wúyẹ́wúyẹ́. Kó kọ iye wákàtí tó fi rọ̀ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi.