Kí Ni Oníbàárà Tó Mọ Iṣẹ́ Ìtẹ̀wé Ń Retí Lọ́wọ́ Atẹ̀wé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòsí Sábó ní Ìkòròdú ni ilé ìtẹ̀wé mi wà. Obìnrin kan tó ti pẹ́ tó ti ń bá ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan gbé iṣẹ́ ìtẹ̀wé síta gbé ìwé ìròyìn ọdọọdún wọn wá fún mi lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀rọ mi kọṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ni mo sì fi pẹ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́. Lọ́dún yìí, iye tí mo dá lé e kéré sí ti àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, síbẹ̀ Ṣómólú ló gbé iṣẹ́ náà lọ. Kí ni irú wọn ń fẹ́ gan-an?
Atẹ̀wé kan, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó epo jẹnẹrétọ̀. Ẹ sọ pé ẹ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ìgbà tí ẹ bẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ tó wá kó ẹrù rẹ̀ ló tó gbọ́, a jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹ̀rọ a máa bàjẹ́ àti pé iná a máa lọ. Ohun tó ń retí ni kí ẹ pè é lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ kọṣẹ́ gan-an, nígbà tó ṣì lè ní kí ẹ kọ́kọ́ wá bí igba ẹ̀dà yóò ṣe jáde fún àwọn àlejò, kí ìyókù máa bọ̀ lẹ́yìn.

Èmi náà ra iṣẹ́ ìtẹ̀wé fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan rí, mo sì lè sọ fún yín pé owó tó kéré jù a máa fu wá lára. Ibì kan ni atẹ̀wé yóò ti yọ ọ́, ara bébà ló sì sábà máa ń jẹ́. Gíráàmù tí wọ́n ń kọ sára bébà ni ìwọ̀n ewé tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó. Ewé A4 kan tó jẹ́ gíráàmù 80 wọn gíráàmù 5, nítorí náà rímù kan tó ní ewé 500 gbọ́dọ̀ tó kílò 2.5, nígbà tí ti gíráàmù 70 kò ju nǹkan bíi kílò 2.2 lọ. Mo rí obìnrin kan tó gbé ìdì lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ fún un sórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja, tó wo nọ́ńbà rẹ̀, tó sì gbé e padà fún atẹ̀wé láìpariwo. Kò tún padà síbẹ̀ mọ́.

Wọ́n tún ń retí pé kí ẹ rí ohun tí àwọn kò rí kí iṣẹ́ tó wọ ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá gbé ìwé olójú 30 wá tí wọ́n sì fẹ́ kí ẹ fi pín-ìn-nì gún un láàárín, ọjọ́ kìn-ín-ní ni kí ẹ ti sọ pé 28 tàbí 32 ni yóò jẹ́, nítorí pé bébà kọ̀ọ̀kan tí a pa sí méjì ń mú ojú ìwé mẹ́rin wá. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń mú kí àwọ̀ ewé máa tàn yanranyanran lójú fóònù. Inkì mẹ́rin tí a fi ń tẹ̀wé, ìyẹn sáyàn (bí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́), májẹ́ńtà (bí pupa àti píǹkì), yẹ́lò àti dúdú, kò lè mú un tàn tó bẹ́ẹ̀ lórí bébà. Ẹ tẹ ẹyọ kan fún un kó wò ó, kó kà á, kó fọwọ́ sí i kó sì kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ tó ṣe pléètì, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìwé pélébé yẹn ló máa ń gba ẹ̀yin méjèèjì là lọ́jọ́ tí orúkọ alága bá jáde pẹ̀lú àṣìṣe.

Ní ti owó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú irú bébà, bí ẹ ó ṣe di ìwé náà pọ̀ àti ẹni tí yóò gbé e délé.

Púpọ̀ nínú àwọn atẹ̀wé agbègbè yín ló ń gbé iṣẹ́ ńlá lọ sí Ṣómólú fúnra wọn, àwọn oníbàárà sì mọ̀. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, àfi bí ẹ bá fi pa mọ́, nítorí pé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ẹni tó wà níwájú wọn ni wọn yóò mú. Ẹ má sì tú bébà sílẹ̀ nígbà òjò. Ọ̀rinrin ọ̀sà wa yìí a máa mú un ká, ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò sì kọ́kọ́ fa ẹyọ kan yọ láàárín ìdì, yóò fi àtàǹpàkò ra ibi tí inkì dúdú ti pọ̀, yóò wá wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá inkì náà ti gbẹ.

Ẹ pe obìnrin náà báyìí, kì í ṣe láti tún dín owó kù. Ẹ ní kó mú ìwé ọdún tó kọjá dání bó bá ń kọjá ní Sábó. Bó bá ṣí ojú ìwé kan tó nawọ́ sí nǹkan, ẹ má ṣàlàyé. Ẹ mú bírò kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.