Ìwọ tó ń ka sáíkọ́lọ́jì: ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni kó o gbájú mọ́

Àbúrò, o bèèrè bóyá sáíkọ́lọ́jì lè wúlò fún àlàáfíà àti òfin àgbáyé, o ní olùkọ́ yín sọ pé iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn. Olùkọ́ yín kò tíì jókòó síwájú òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wá irọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni.

Èmi ti jókòó bẹ́ẹ̀. Láyé Abacha ni wọ́n wá mú mi nílé lóru, nítorí June 12. Ohun tí ojú mi rí látìmọ́lé, n kò ní kọ ọ́ síbí. Nígbà tí wọ́n tú mi sílẹ̀, mo gba Sẹ̀mẹ̀ dé Kútọnu, mo gbabẹ̀ dé London, mo bèèrè ìsádi, ìyẹn ààbò fún ẹni tó sá kúrò nílùú rẹ̀. 

Ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gan-an ni wàhálà wà. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní ọkùnrin méjì ló wọlé wá mú mi. Nígbà tí wọ́n tún pè mí, mo ní mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bi mí ní ìbéèrè di èyí mú bí ẹni mú olè. Ó bi mí irú ọ̀dà tó wà lára ògiri àtìmọ́lé. Ọjọ́ Tuesday ni àbí Wednesday? Ẹni tí wọ́n na ìbọn sí, ṣé ògiri ni yóò máa wò? Ẹnu ìbọn yẹn, mo lè yà á fún ọ lónìí. Òórùn ọtí lẹ́nu ẹni tó dì mí mú kò kúrò nímú mi. Èyí tó kù ń yẹ̀ síbí yẹ̀ sọ́hùn-ún. Mo rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan nítorí ìtìjú, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ká mi lára. N kò tẹjú mọ́ ọn, nítorí a kì í tẹjú mọ́ aláṣẹ nílé wa, ó ní mò ń fi nǹkan pamọ́. Ni wọ́n bá kọ̀wé sí mi pé ọ̀rọ̀ mi kò bára mu, kí n máa lọ sílé. Ilé wo?

Onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì kan ló gbà mí. Kò tètè bi mí nípa ìbọn rárá. Oorun àti oúnjẹ la kọ́kọ́ sọ. Ìwé tó kọ ni adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn kà tó fi gbà mí gbọ́.

Nígbà tó yá ni ìwádìí jáde. Ní 2002, Jane Herlihy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ogunléndé 39 sọ̀rọ̀ ní Britain, 27 láti Kosovo, 12 láti Bosnia, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn èèyàn yìí ti gba ìwé ìgbélùú, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi irọ́ gbà. Síbẹ̀ ìdáhùn wọn yàtọ̀ síra, pàápàá lórí ohun tí kì í ṣe kókó ìṣẹ̀lẹ̀. Ká ní mo ní èyí lọ́wọ́ nígbà náà!

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ ra ìtàn irọ́ lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì láti fi bèèrè ìsádi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Tiyín ni wọ́n fi ń fura sí tiwa.

Má sì rò pé mímọ́ ni gbogbo onísáíkọ́lọ́jì. James Mitchell àti Bruce Jessen, onísáíkọ́lọ́jì ni wọ́n, àwọn ló ṣètò ìdálóró fún CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, lẹ́yìn 2001. Ìjábọ̀ Sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà ní 2014 sọ pé ilé iṣẹ́ wọn gba mílíọ̀nù 81 dọ́là. Ó di 2015 kí ẹgbẹ́ onísáíkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà tó dìbò pé kí ọmọ ẹgbẹ́ yé bá wọn lọ́wọ́ sí irú ìfọ̀rọ̀wádìí bẹ́ẹ̀.

Lórí òfin, wo Òfin Rome ti 1998 tó dá ICC sílẹ̀, ìyẹn ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé. Abala 43 ní kí ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹlẹ́rìí ní àwọn tó mọ̀ nípa ọgbẹ́ ọkàn. Abala 68 ní kí ilé ẹjọ́ dáàbò bo àtara àtọkàn ẹlẹ́rìí. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2000, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2001. Ti àlàáfíà, àwọn ará Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ni kó o lọ bi, àwọn ló mọ̀ ọ́n ju èmi lọ.

Istanbul Protocol ni ìwé tó kọ́ dókítà àti onísáíkọ́lọ́jì bí wọ́n ṣe ń kọ ẹ̀rí ìdálóró sílẹ̀. Ti 1999 ti di àtijọ́, ti 2022 ni kó o kà. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún ọ.